Ẹ̀fọ́ Onílé àti Ẹ̀fọ́ Àlejò

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn ará Òkè-Ògùn, ní oṣù Òkúdù

A dúpẹ́ pé òjò ọdún yìí ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni mo gbé wá lónìí: ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé, èyí tí èèyàn lè sáré já nígbà tí omi àmàlà bá ti ń hó lórí iná.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá. Mo lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà. Ìdì tẹ̀tẹ̀ tí mo bá lórí àtẹ obìnrin kan kò ju ohun tí àtàǹpàkò àti ìka kan lè ká mọ́ lọ. Ewé rẹ̀ ti rọ, etí rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Mo bèèrè iye rẹ̀, ó dá mi lóhùn, mo sì lanu. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Odò tí à ń pọn ti gbẹ. Àkùrọ̀ ọ̀nà jíjìn lèyí ti wá." Mo rà á, nítorí ọbẹ̀ ò ní ṣàì délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń padà bọ̀, mo ń wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé tí mo ń kọjá. Ilẹ̀ wọn gbòòrò, ó sì ṣófo. Ewúrẹ́ nìkan ló ń rìn kiri níbẹ̀. Mo mọ àwọn ẹ̀yìnkùlé wọ̀nyẹn dáadáa. Ní oṣù Agẹmọ ọdún tó ṣáájú, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kún ibẹ̀ débi pé wọ́n ń fún aládùúgbò. Níbo ni gbogbo ewé yẹn wá gbà lọ? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ wa nírọ̀lẹ́ òní.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Òjò tó ń rọ̀ sórí wa lọ́dún kò ju nǹkan bíi 1,000 sí 1,200 mìlímítà lọ, láti oṣù Igbe sí Ọ̀wàrà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀. Bí Bélú bá ti wọlé, ó di òpin Ẹrẹ́nà kí ilẹ̀ tó tún rí omi tó jọjú. Láàrin ìgbà náà ni ọyẹ́ á dé, ètè á bó, ewé igi á máa wọ́. Ilẹ̀ wa tún jẹ́ oníyanrìn àti olókùúta wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kòtò ní ìsàlẹ̀ òkè Aṣabari ní Ṣakí mọ ohun tí mo ń wí. Omi kì í dúró pẹ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Oǹdó ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ lè má bá wa mu pátápátá. Tiwa gbọ́dọ̀ ní ètò fún oṣù márùn-ún tí òjò ò ní sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Oríṣi ẹ̀fọ́ méjì ló wà. Èkínní ni èyí tí à ń gbìn lọ́dọọdún: a ó fún èso rẹ̀, yóò hù, yóò tan òdòdó, yóò so, yóò sì kú. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀, ewédú, ilá àti ìṣápá wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Mo máa ń pè wọ́n ní ẹ̀fọ́ àlejò, nítorí òjò ló ń mú wọn wá, wọ́n sì ń bá òjò lọ. Èkejì ni èyí tí a gbìn lẹ́ẹ̀kan tí ó ń fún wa ní ewé lọ́dún mẹ́ta, lọ́dún márùn-ún, nígbà mìíràn títí dé ọjọ́ ogbó ẹni tó gbìn ín. Ewúro ni olórí wọn. Ẹ̀fọ́ onílé ni mo ń pe ìwọ̀nyí. Gbòǹgbò wọn ti lọ jìnnà sísàlẹ̀ níbi tí ọ̀dá ò ti lè tètè dé. Ilé tó ní àlejò láìní onílé, ẹ mọ̀ pé bí àlejò bá ti lọ, ilé náà dahoro. Bí ẹ̀yìnkùlé wa ṣe ń rí nínú ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbin onílé.

Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, ewúro náà kì í ṣe àìmọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gun igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ lásán, tí kò sì hù, tí wọ́n wá ń sọ pé ọwọ́ àwọn ò tutù. Bí a ti í ṣe é nìyí. Wá ibi tí ewúro tó ti dàgbà wà. Má gé ẹ̀ka tútù tó rọ̀; èyí tó ti ń ní àwọ̀ eérú lára, tó tó àtàǹpàkò ní sísanra, ni kí o gé. Jẹ́ kó gùn tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá rẹ. Gé ìdí rẹ̀ dágẹ̀ẹ́rẹ́, kí o má baà ṣì í mọ̀ kí o fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀. Já gbogbo ewé ara rẹ̀ kúrò, nítorí igi tí kò tíì ní gbòǹgbò kò lè bọ́ ewé. Lẹ́yìn náà, fi í dágẹ̀ẹ́rẹ́ wọ ilẹ̀ tó tutù, kí oríkèé méjì tàbí mẹ́ta wà nínú ilẹ̀, kí ìyókù yọ síta. Fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà sápamọ́ síbẹ̀. Kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì tó ìgbésẹ̀ kan.

Bí o bá gbìn ín nínú oṣù yìí, kí Ògún tó parí, ìwọ yóò ti máa já ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Má já a ní ìhòòhò. Bí ewé mẹ́wàá bá wà lórí ẹ̀ka kan, fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ewúro á fẹ́ tan òdòdó. Kán orí òdòdó náà dànù, nítorí igi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ewé rẹ̀ á máa kéré. Ewúro mẹ́fà tó bá dúró dáadáa tó ìdílé kan bọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Onílé kejì ni igi tí àwọn Òyìnbó ń pè ní moringa, tí àwọn kan nínú wa ń pè ní ewé ilé. Ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, ara rẹ̀ sì gba ọ̀dá dáadáa. Fi èso rẹ̀ sínú ilẹ̀ níbi tí o fẹ́ kó wà títí, nítorí gbòǹgbò ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí a ṣí i nípò. Àṣìṣe tí mo ń rí káàkiri ni pé wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó ga bí òpó iná, tí ọmọdé á wá máa gun un kó tó rí ewé já. Bí ó bá ti ga tó àyà rẹ, gé orí rẹ̀. Yóò yọ ẹ̀ka púpọ̀, ewé á sì máa bá ọ ní ìwọ̀n ọwọ́. Bí ewé bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè sè lọ, ẹ sá a sí ibòji títí tí yóò fi gbẹ, kí ẹ gún un lẹ́búlẹ́bú, kí ẹ pa á mọ́ sínú ìgò. Ẹ má sá a sínú oòrùn, nítorí oòrùn a máa ba fítámì A inú rẹ̀ jẹ́, fítámì yìí sì ni ojú àwọn ọmọ wa nílò kí wọ́n lè ríran lálẹ́.

Onílé kẹta ni ẹ̀fọ́ Ìyánà-Ìpájà. Orúkọ yìí ni àwọn èèyàn fi ń pe ju igi kan lọ. Èyí tí mo ń sọ ni èyí tí ewé rẹ̀ jọ ewé gbágùúdá tàbí ewé ìbẹ́pẹ, tí oje funfun ń jáde lára rẹ̀ bí a bá já a. Ilẹ̀ Mexico ló ti wá. Chaya ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kò sí ẹ̀fọ́ tó tún rọrùn láti gbìn tó o. Gé igi rẹ̀, gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí oje rẹ̀ gbẹ, kí o tó gún un mọ́lẹ̀. Bí o bá gbìn ín tòun ti oje, ó lè jẹrà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi dáadáa níbi yìí. Ẹbí gbágùúdá ni, ó sì ní irú májèlé tó wà nínú gbágùúdá tútù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ewé rẹ̀ ní tútù. Ẹ má lọ̀ ọ́ mu pẹ̀lú èso, ẹ má sì kàn bọ̀ ọ́ lóréfèé. Ẹ sè é fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ ṣí ìdérí ìkòkò sílẹ̀ kí èéfín májèlé náà lè bá afẹ́fẹ́ lọ, kí ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ tó fi í sínú ọbẹ̀. Bí a bá ṣe é báyìí, ó di oúnjẹ aṣaralóore tí ọ̀dá kì í pa.

Gbúre náà jẹ́ onílé, ṣùgbọ́n onílé tó fẹ́ràn omi ni. Igi rẹ̀ ni à ń gé gún mọ́lẹ̀, kì í sì í kọ ibòji. Ẹ gbìn ín sí ìdí àmù tàbí ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́, níbi tí omi ti ń kán sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ata wẹ́wẹ́ lè lo ọdún méjì sí mẹ́ta bí a bá ń bomi rin ín nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tó ti gbẹ. Yánrin sì ń bẹ, tí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti ń gbàgbé. Ẹ̀yìn odi àti orí oko tó ti ṣá la ti máa ń já a tẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í kú nínú ilẹ̀. Bí ewé rẹ̀ bá gbẹ lókè, òjò àkọ́rọ̀ kan ló ń dúró dè. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà, kí ó wa gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀ wá sẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí onílé bá ti jókòó, ó kù ká gba àlejò.

Tẹ̀tẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Èso rẹ̀ kéré ju iyọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dà á sójú kan, tí yóò hù bí irun orí, tí kò sì ní sanra. Bu èso tẹ̀tẹ̀ síbi kan, bu yanrìn gbígbẹ ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pò wọ́n pọ̀, kí o wá fún un sórí ebè. Má fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó jù; fi ẹ̀ka ewé gbá ojú ilẹ̀ fẹ́rẹ́, ó ti tó. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, o ti lè máa fà á tu. Bí o bá fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, fi ọ̀bẹ gé e, kí o fi ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lókè ilẹ̀. Yóò tún yọ. Ṣọkọ̀ náà ń fẹ́ irú ìtọ́jú yìí. Ẹ má gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gbin ebè kan lónìí, ẹ gbin òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ti àkọ́kọ́ má baà tán kí ọwọ́ yín ṣófo.

Ewédú ní tirẹ̀ ní àṣírí kan. Ẹ ó ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Mo gbin ewédú, kò hù." Èso rẹ̀ kò kú o, èèpo ara rẹ̀ ló le, tí omi kò fi ráyè wọlé. Àwọn ìyá wa ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́. Di èso náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí o so ó bí ẹni di owó sétí aṣọ. Gbé omi kaná títí tí yóò fi hó, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ti ìdì náà bọ inú omi gbígbóná yìí, kí o ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí o sì fà á yọ kíá sínú omi tútù. Bí o bá fi sílẹ̀ pẹ́ jù, o ti sè é nìyẹn. Tẹ́ ẹ kó gbẹ níwọ̀nba, pò ó mọ́ yanrìn, kí o fún un. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ilẹ̀ á ti máa tutù yọ̀yọ̀. Ewédú yìí kan náà ni àwọn ará Íjíbítì ń sè, tí wọ́n ń pè ní mulukhiyah. Ara igi rẹ̀ ni wọ́n sì ń bó ní Íńdíà àti Bangladesh láti fi hun àpò tí a ń kó kòkó àti èlùbọ́ sí. Ewé tí a ń fi ìjábẹ̀ já lálẹ́ jẹ́ ohun ìní ayé.

Ilá, ẹ rẹ èso rẹ̀ sínú omi mọ́jú kí ẹ tó gbìn ín, ẹ fi méjì sí ojú ihò kan. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ẹ máa ká a ní ọjọ́ méjì-méjì. Ilá tó bá gbó sórí igi, ó ń sọ fún igi náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn, kò sì ní so dáadáa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tètè ń so lè bèèrè NHAe 47-4, ilá tó jáde láti NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ṣakí, tí a mọ̀ sí OYSADEP tẹ́lẹ̀, àti àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà yunifásítì LAUTECH tó wà ní Ìṣẹ́yìn, ẹ má bẹ̀rù láti lọ bá wọn. Nítorí tiwa ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀.

Ìṣápá, ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀, nítorí oúnjẹ ilẹ̀ wa gan-an ni. Ìṣápá funfun tí a fi ẹ̀gúsí sè, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ohun kan wà lára rẹ̀ tó yani lẹ́nu: ó mọ gígùn ọjọ́. Nígbà tí ọ̀sán bá gùn, ewé àti igi ló ń ṣe. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọ̀sán ń kúrú, tí òru ń gùn, ìgbà náà ló tó tan òdòdó. Nítorí náà, bó o gbìn ín ní Ẹ̀bìbì, bó o gbìn ín ní Agẹmọ, nǹkan bí àkókò kan náà ni yóò so. Ẹni tó bá gbìn ín ní Ọwẹ́wẹ̀, igi rẹ̀ á ṣì kéré nígbà tí àkókò síso bá dé, yóò so èyí tí kò tó ìkòkò kan. Kí ẹ gbìn ín kí Agẹmọ tó tán. Ẹ máa já ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀ nínú òjò. Bí ó bá so, ẹ ká a, ẹ sá a gbẹ, ẹ fi pamọ́. Àlejò tó lọ ṣùgbọ́n tó fi ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ nípa ilẹ̀. Ọgbà ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ tí ìran wa ní, orí ààtàn ni. Ibi tí ìyá àgbà ń da eérú, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí ni tẹ̀tẹ̀ ti ń hù fúnra rẹ̀, tó tóbi ju èyí tí a gbìn lóko lọ. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn bíi tiwa ń fẹ́ ohun tí yóò di omi àti oúnjẹ mú. Ẹ gbẹ́ kòtò kan sí igun ẹ̀yìnkùlé. Ẹ máa da èèpo, ewé gbígbẹ, àti ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀, kí ẹ máa bomi wọ́n ọn. Ẹ ṣa ọ̀rá àti ìgò kúrò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yóò ti di iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí kò rùn. Garawa kan rẹ̀ tó fún ilẹ̀ ìgbésẹ̀ kan níbùú lóròó. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù gbóná. Bí ẹ bá dà á sídìí ẹ̀fọ́ láìjẹ́ pé ó ti jẹrà, á jó o. Nínú òjò, ẹ kọ ebè sókè kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yí i padà: ẹ gbẹ́ ojú ilẹ̀ wọlé díẹ̀ bí àwo pẹrẹsẹ, kí omi tí ẹ bá dà má baà ṣàn lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́, ẹ ó sì lè ṣọ́ omi lò.

Ní ti omi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń da á nù láìmọ̀. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, omi tí a fi fọ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ìdí gbúre àti ata ló yẹ kó lọ. Omi ìfọṣọ tí ọṣẹ rẹ̀ kò pọ̀, ìdí ewúro ni ká dà á sí, kó má kan ewé, ká sì máa fi omi lásán gbà á láàrin. Àwọn tó wà létí odò Ògùn tàbí nítòsí ìdídò Ìkẹ̀rẹ̀ lè ṣe oko àkùrọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí tẹ̀tẹ̀ àti ewédú wọn má sinmi. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wa, kànga la gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí kànga rẹ̀ ń fúnni ní garawa mélòó kan lóòjọ́ nínú Èrèlé, ó sàn kó fi bomi rin igi ewúro mẹ́fà ju kó fi wá tẹ̀tẹ̀ tí yóò gbẹ lọ.

Àwọn ọ̀tá ń bẹ. Ewúrẹ́ ni àkọ́kọ́. Ẹ má gbin nǹkan kan kí ẹ tó sọgbà. Pòròpórò ọkà bàbà dára fún ọdún kan, ṣùgbọ́n ikán á jẹ ẹ́. Igi lápálápá ló dáa jù: ẹ gún un mọ́lẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, yóò hù, ẹran kì í sì í jẹ ewé rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ èso rẹ̀, nítorí májèlé ni. Tata ni ìkejì. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tata máa ń dì mọ́ ara wọn lórí ewé bí ìdìpọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Láàárọ̀ kùtù, tí otútù ṣì mú wọn, wọn kì í lè fò. Ìgbà náà ni ká gbọ̀n wọ́n sínú omi ọṣẹ. Fún kòkòrò tó ń ká ewé tẹ̀tẹ̀, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ náà dáadáa kí ẹ tó sè é. Mo bẹ̀ yín, oògùn apakòkòrò tí a rà fún òwú tàbí fún ẹ̀wà oko, kó má ṣe kan ẹ̀fọ́ tí ọmọ yóò jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má sì máa gbin ẹ̀fọ́ kan náà sójú kan lọ́dọọdún, nítorí àrùn inú ilẹ̀ á fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ láti ṣe irúgbìn. Igi tẹ̀tẹ̀ tó lẹ́wà jù nínú ọgbà, ẹ má ṣe fà á tu. Òun ni bàbá ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí èso rẹ̀ gbó, kó gbẹ, kí ẹ pò ó mọ́ eérú gbígbẹ, kí ẹ dé e pa nínú ìgò.

Àwọn kan á ní ewé lásán ni, ṣé a ó fi í rọ́pò ẹran? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí àgbàlagbà jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó 400 gíráàmù, ó kéré tán, lóòjọ́. Oṣù mélòó nínú ọdún ni ilé tiwa ń jẹ tó bẹ́ẹ̀? Aboyún tó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú Èrèlé kò lè sọ fún oyún inú rẹ̀ pé kó dúró de òjò Igbe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo máa ń rántí. Lápá ìhín tiwa yìí, nínú igbó ọba tí a ń pè ní Old Oyo National Park, ni àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837 ni àwọn èèyàn fi ìlú ńlá náà sílẹ̀. Ààfin ti wó, ògiri ti di òkìtì, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ebè tẹ̀tẹ̀ ìyàwó kankan wà mọ́. Ṣùgbọ́n igi oṣè ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ń fi hàn wá ibi tí èèyàn ti gbé rí. Oṣè yìí kan náà ni a ń já ewé rẹ̀, tí a ń sá a, tí a ń gún un ṣe ọbẹ̀ lúrú. Ẹ̀fọ́ onílé ni. Ó jókòó ti ilé náà ju onílé lọ.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Igi tí a bá gún mọ́lẹ̀ ní Òkúdù yìí ní oṣù mẹ́rin gbáko láti fi gbòǹgbò wá omi kí ọyẹ́ tó dé. Èyí tí a bá gún ní Bélú, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá lówó ọgbà ńlá. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tọ aládùúgbò tó ní ewúro lọ, ẹ kí i, ẹ tọrọ igi mẹ́fà, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ gún wọn mọ́lẹ̀ kí oòrùn tó mú. Nígbà tí Ẹrẹ́nà bá tún dé, tí ìdì tẹ̀tẹ̀ bá tún kéré lọ́jà, ẹ ó jáde sẹ́yìnkùlé, ẹ ó sì rí ewé já.